Alásè Tí A Kì Í Pè Síbi Ìkómọ

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣa iṣẹ́ bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí èmi fi ọjọ́ ayé mi ṣe. Agbẹ̀bí ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Mo ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé òkè ilé wa ní Olówógbowó, mo ń ka àwọn ìwé tí n kò ráyè kà nígbà tí ọwọ́ mi dí. Àwọn tí mo gbé wá sí ayé ń kọjá nísàlẹ̀, irun ti tán lórí àwọn mìíràn. Wọn a gbójú sókè, wọn a ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o," èmi náà a sì súre fún wọn. Síbẹ̀, kì í ṣe ojú wọn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, bí kò ṣe ohun tí ó tẹ̀lé wọn jáde, èyí tí à ń pè ní ibi ọmọ. Nínú gbogbo òṣìṣẹ́ tí mo ti rí láyé, n kò tíì rí èyí tí ó wú mi lórí tó o.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ará Ìjẹ̀ṣà ni bàbá mi, télọ̀ ni ní Èkó níbí. Ó fẹ́ kí n di akọ̀wé lọ́dọ̀ àwọn lọ́yà ní Igbosere; èmi ní nọ́ọ̀sì ni n ó ṣe. Mo kẹ́kọ̀ọ́, mo gbàwé ẹ̀rí, ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé wa sì gbà mí. Ní ti owó oṣù, ó tó jẹun, kò tó yangàn. Ẹ jẹ́ kí a kọjá níbẹ̀.

Obìnrin tí ó ni ilé ìgbẹ̀bí náà, Màmá Agbẹ̀bí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, sítáàṣì a sì máa mú kí aṣọ funfun rẹ̀ le gan-an débi pé ìró rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀. Ìwé ẹ̀rí ni mo gbé wọlé tọ̀ ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ iṣẹ́. Bí ọmọ bá ké, tí gbogbo ilé bú sáyọ̀, tí ìyá ọkọ ń yin Ọlọ́run, Màmá Agbẹ̀bí a gbé abọ́ tánńganran funfun kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀, a ké sí àwa akọ́ṣẹ́: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lọ́hùn-ún. Àlejò kan ṣì wà tí a kò tíì kí."

Ibi ọmọ ni ó wà nínú abọ́ náà. A ó wẹ ọwọ́, a ó wọ ìbọ̀wọ́, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ tí ó lẹ̀ mọ́ ìyá pupa rẹ́súrẹ́sú, ó pín sí ìṣù ìṣù. A ó to ìṣù wọ̀nyí pọ̀ bí ẹni ń to àwo tí ó fọ́, kí a lè mọ̀ bí ègé kan bá ṣẹ́kù sínú. Ègé kékeré lásán bẹ́ẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà lára ìyá tí ó ti ń rẹ́rìn-ín. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọjọ́ kan, akẹgbẹ́ mi kan fẹ́ tètè palẹ̀ mọ́, ó ní, "Màmá, ṣé kí n gbé ìdọ̀tí yìí kúrò?"

Màmá Agbẹ̀bí kò pariwo. Ó yí padà jẹ́jẹ́.

"Kí ni o pè é?"

"Ẹ má bínú, mà."

"Èmi kọ́ ni kí o bẹ̀. Kí i."

"Kí ni kí n sọ, mà?"

"Bí o bá bá ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n kọ́ ọ nílé yín pé kí o wí?"

Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú abọ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ẹ̀rín ń gbọ̀n wá, ṣùgbọ́n ta ni yóò rín in? Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà ilé wa. Kò sí ibi ọmọ tí ó kọjá lọ́wọ́ wa tí a kò kí.

Lẹ́yìn ìkíni ni ìbéèrè ń tẹ̀lé e. Tèmi dé lọ́sẹ̀ tí mo ṣì jẹ́ àjèjì.

"Bíọ́dún, kí ni ọmọ ń jẹ níkùn?"

"Ohun tí ìyá rẹ̀ bá jẹ ni, mà."

"O káre. Bí ìyá bá jẹ ẹ̀bà, ọmọ a bu òkèlè, a fi run ọbẹ̀?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣebí àná ni ọ̀kan nínú yín sọ fún aboyún pé kó má jẹ ata kó má báa ta sọ́mọ lójú? Ẹ súnmọ́ ibí."

Ó wá ṣàlàyé fún wa, ọ̀rọ̀ náà kò sì kúrò létí mi di òní. Ó ní ọmọ inú a máa gbé omi tí ó yí i ká mì díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni ń dánra wò ni. Ìdodo ni ẹnu rẹ̀ gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ara ilé ọmọ ni ó ń fún un ní ohun tí yóò jẹ. Lẹ́yìn èyí ni ibi ọmọ gba iṣẹ́. Ìyá jẹun, oúnjẹ dà nínú ìyá, ó di ohun tí ẹ̀jẹ̀ lè gbé. Ẹ̀jẹ̀ gbé e dé ẹnu àárò, níbi tí ibi ọmọ lẹ̀ mọ́ ara ìyá. "Alásè ni ẹ ń wò yìí," ni Màmá wí. "Ó ń yan ohun tí ọmọ nílò: ṣúgà tí ń fúnni lágbára, ọ̀rá, ohun tí ń mọ ẹran ara, ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, omi, àní afẹ́fẹ́ tí ìyá mí sínú pàápàá. Ó ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ gba inú ìwọ́."

Ó gé ìwọ́ náà, ó fi ojú ibi tí ó gé hàn wá. Ihò ńlá kan wà níbẹ̀ àti kékeré méjì. Ihò ńlá ni oúnjẹ ń bá lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Àwọn kékeré ni ọmọ fi ń dá ohun tí kò wúlò padà, kí ìyá bá a dà á nù. Èyí tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í wọ inú ọmọ, ti ọmọ kì í sì í pa pọ̀ mọ́ ti ìyá. Aṣọ tín-ín-rín kan ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni pàṣípààrọ̀ ti ń wáyé. "Ṣùgbọ́n alásè kì í ṣe Ọlọ́run o," ni ó fi kún un. "Ọtí lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, oògùn mìíràn náà lè kọjá. Kò sì lè se ohun tí wọn kò kó wá fún un."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sọ́kàn.

Bí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò tán, a ó dì í, ẹbí a sì gbé e lọ sin sí àgbàlá. Ní àwọn agboolé àtijọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ní ẹni tí í ṣe iṣẹ́ yìí nínú ilé. Ní agboolé kan tí ó máa ń gbé àwọn ìyàwó rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, Àlàájà Ràbíátù ni. Ìkòkò onídèérí ni ó fi ń gbé e. Kì í ṣí i wò, kì í sì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà títí yóò fi délé. Oníṣòwò pọ́ńbélé ni ní Òkè Àrin: mílíìkì, ṣúgà àti ìpápánu ni ó ń tà fún àwọn alátùntà, páálí ọjà a sì máa ga dé àjà nínú ìsọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí ara Màmá Agbẹ̀bí kò gbé e mọ́, ó fi ilé ìgbẹ̀bí sí mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Àlàájà mú Sìdíkátù, ìyàwó ọmọ rẹ̀, wá. Oyún àkọ́kọ́ ni. Mo fi téèpù wọn ikùn rẹ̀; kò tó oṣù rẹ̀. Mo tún un wọ̀n, bákan náà ni. Mo wo apá Sìdí, mo rí i pé ó rù.

"Ìyàwó, ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?"

Sìdí wo ìyá ọkọ rẹ̀. Àlàájà ni ó dáhùn: "Ó ń jẹun níwọ̀n, Nọ́ọ̀sì. Níwọ̀n."

Mo ní kí Sìdí lọ sinmi díẹ̀ níta. Ìgbà náà ni Àlàájà tó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àkọ́bí òun, obìnrin, kú sórí ìkúnlẹ̀. Ọmọ inú rẹ̀ tóbi, ọ̀nà kò gbà á. Láti ìgbà náà ni ó ti pinnu pé ìyàwó kankan tí ó bá wà lábẹ́ òun kò ní fi oúnjẹ sọ ọmọ di òkúta níkùn. Ẹ̀kọ láàárọ̀, ẹ̀kọ lálẹ́, ọbẹ̀ wẹ́rẹ́. Kò sí ẹyin, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹran. Ní ti mílíìkì, ẹni tí ó ni páálí rẹ̀ tí ó ga dé àjà kò jẹ́ kí Sìdí tọ́ ọ wò.

Mo sọ fún un pé ọmọ tí ebi tán lókun kì í rọrùn bí. Pé bóyá ọ̀nà yóò gba ọmọ, èmi yóò máa wò ó, bí kò bá sì gbà á, dókítà wà. Mo sọ fún un pé bí nǹkan bá ń lọ báyìí, ọmọ Sìdí lè máà wá láàyè. Ó gbọ́ mi jálẹ̀.

"Ẹ̀yin kàwé, Nọ́ọ̀sì. Èmi sin ọmọ."

Kì í ṣe ìkà. Ìfẹ́ ni, ìfẹ́ tí ẹ̀rù ti gba ọkọ̀ rẹ̀ wà. Wọ́n lọ, mo sì mọ̀ pé ẹ̀mí ọmọ yẹn wà lọ́wọ́ ìyá bàbá rẹ̀ tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù.

Ọlọ́run ni ó ṣí ọ̀nà. Ìyàwó mìíràn nínú agboolé náà bímọ lọ́dọ̀ wa lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, Àlàájà sì gbé ìkòkò rẹ̀ dé. Mo gba àṣẹ lẹ́nu ìyá ọmọ, lẹ́yìn náà mo gbé abọ́ tánńganran lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Àlàájà, ẹ ti sin ọ̀pọ̀ nínú èyí. Ṣé ẹ ti rí ọ̀kan rí?"

"Kí ni mo fẹ́ wò níbẹ̀? Ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Ẹ dákun, ẹ wá wò ó."

Mo yí ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí ọmọ sókè, ẹ̀gbẹ́ tí ń dán. Ìwọ́ dúró láàárín bí ìtì igi, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ sì fọ́n ká láti ìdí rẹ̀, ẹ̀ka lórí ẹ̀ka, títí dé etí. Àlàájà tẹ̀ síwájú. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi padà.

"Subuhanalahi! Igi ni!"

Mo ṣàlàyé fún un bí Màmá ṣe ṣàlàyé fún mi. Nígbà tí mo dé orí aṣọ tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ méjèèjì pa pọ̀, ó dá mi dúró.

"Ẹ dúró ná. Bí ìsọ̀ mi ló rí yẹn. Oníbàárà kì í kọjá tábìlì. Èmi náà kì í bá a délé. Ọjà ló ń lọ, owó ló ń bọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà. Ẹ wá sọ fún mi: bí oníbàárà bá dúró síwájú tábìlì láti àárọ̀, tí kò sí páálí kan nínú ìsọ̀ ńkọ́?"

Ó tún wo igi inú abọ́ náà. Nígbà tí mo dì í sínú ìkòkò tán, ó bò ó, ó gbé e, ó sì lọ láìwí nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

N kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí títí Sìdí fi padà wá fún àyẹ̀wò. Ó ń ráhùn!

"Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bẹ Àlàájà, mà. Ẹyin láàárọ̀, ẹ̀wà lọ́sàn-án, mílíìkì ṣáá! Lánàá, wọ́n dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹja kan odindi tán. Tí mo bá ní mo ti yó, wọ́n á ní, 'Ìwọ lo yó. Alásè ńkọ́?'"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ikùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pátápátá, nítorí ebi ti ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ga.

Àjálù dé lọ́sàn-án gangan, nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀ tí ọjà kún fọ́fọ́. Sìdí ti ń rọbí lọ́dọ̀ wa. Omi rẹ̀ tú yàà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ kéré, orí rẹ̀ kò tíì dí ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ́ ṣe ṣíwájú ọmọ yọ síta. Ẹ̀yin tí ẹ kò ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ gbọ́ ohun tí ó túmọ̀ sí: bí orí bá tẹ ìwọ́ mọ́ egungun ìyá, oúnjẹ dúró, afẹ́fẹ́ dúró, ọmọ yóò kú kí ó tó mí èémí kan ṣoṣo láyé. Mo ní kí Sìdí kúnlẹ̀, kí ó dorí kodò, mo fi ọwọ́ mi ti orí ọmọ sókè kúrò lórí ìwọ́, mo sì dì í mú síbẹ̀. Ìwọ́ ń lù kìkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka mi. Iṣẹ́ abẹ nìkan ni ó kù, òdìkejì ọjà sì ni ilé ìwòsàn ìjọba wà. Mọ́tò kankan kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Àlàájà ti bọ́ síta. Ohùn tí ó fi ń pe alátùntà ni ó fi ké sí olórí àwọn alábàárù rẹ̀ tí ó ń kó ọjà kọjá.

"Láwàlì! Da ọjà yẹn sílẹ̀!"

"Hàjíyà, mílíìkì ni o! Yóò fọ́!"

"Mo ní dà á sílẹ̀! Gbé ọmọlańkẹ́ wá!"

Páálí ń bọ́ sílẹ̀ gbì-gbì. Wọ́n gbé Sìdí sórí ọmọlańkẹ́ bí ó ṣe kúnlẹ̀, èmi náà kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi kò kúrò níbi tí ó wà. Àwọn obìnrin ọjà tú ìró òkè wọn, wọ́n nà án yí wa ká bí ògiri, wọ́n sì ń bá wa sáré. Láwàlì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń tì. Àlàájà ń lọ níwájú, ó ń fi ọwọ́ ya èrò sọ́tùn-ún sósì.

"Ẹ yà o! Ẹ fún wa lọ́nà!"

Ọkùnrin kan tí ó ru ẹrù kò fẹ́ yà. "Kí lẹ̀ ń gbé tó tó báyìí? Wúrà ni?"

"Ènìyàn ni! Ṣé ìyá tìrẹ ò bí ọ ni? Yà, jàre!"

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ọjà ni ó di àgbà. Èmi kò rí nǹkan kan lẹ́yìn aṣọ. Ìwọ́ nìkan ni mo ń tẹ́tí sí pẹ̀lú ìka mi. Ó falẹ̀. Mo tún ti orí sókè, ó tún yára. Mo ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, "Alásè, má sinmi o. Ó kù díẹ̀." Ọwọ́ mi wà níbẹ̀ títí àwọn dókítà fi la Sìdí, tí wọ́n fi gbé ọmọ gba òkè.

Ọmọ náà dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó figbe ta. A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ. Ọkùnrin ni, ó kéré, igbe rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ. Yínúsá ni wọ́n sọ ọ́.

Bí àwọn ènìyàn ṣe ń kí Àlàájà kú ewu ọmọ, ó wá mi rí níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná ra apá mi tí kò ká mọ́. "Nọ́ọ̀sì, alásè dà?" Wọ́n gbé e fún wa. Òun fúnra rẹ̀ wọ ìbọ̀wọ́, ó tẹ́ ẹ, ó ń to ìṣù mọ́ ìṣù bí ó ṣe rí i tí mo ṣe.

"Ó kéré sí ti ọjọ́sí."

"Ó kéré, mà. Ṣùgbọ́n ó pé."

Ó tẹ orúnkún méjèèjì bolẹ̀, obìnrin tí gbogbo Òkè Àrin ń kúnlẹ̀ fún. "Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí. "Ẹ má bínú pé n kò tètè kó ọjà dé."

Irinṣẹ́ ti yí padà láti ìgbà náà. Fèrè onígi ni mo fi bẹ̀rẹ̀, tí a ń gbé lé ikùn, tí a ń dẹ etí sí títí a ó fi gbọ́ ọkàn ọmọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ kékeré dé tí ń sọ ìró náà síta, tí ìyá pẹ̀lú ń gbọ́ bí ẹṣin ṣe ń sáré nínú òun. Ìgbà tí síkáànì aláwọ̀ dé, dókítà kan tí mo gbẹ̀bí rẹ̀ pè mí pé kí n wá wò. Mo rí ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀ nínú ìwọ́, pupa àti búlúù, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Ohun tí mo ti fi ìka mọ̀ fún ọdún púpọ̀, ojú mi rí i níṣẹ́. Mo bọ́ fìlà nọ́ọ̀sì mi. Dókítà béèrè pé ṣé ooru ń mú mi ni. Mo ní rárá, mo ń kí ẹnì kan ni.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti agboolé Àlàájà. Yínúsá ti di kọ́ńtírákítọ̀, ọkùnrin gbàgbà. Ó wó ẹ̀yìn ilé tí ó ti gbó, ó kọ́ tuntun, ó sì fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí gbogbo àgbàlá. Àlàájà, tí ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, gbé àga sí igun kan, ó jókòó, kò dìde. Sìmẹ́ńtì tútù ti yí i ká. Sìdí dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìró bo ẹ̀rín.

"Màmá Nọ́ọ̀sì, ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n," ni Yínúsá wí. "Ilẹ̀ tí kò ju ẹní kan lọ! Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ẹ̀fọ́ ni wọ́n fẹ́ gbìn?"

Àlàájà kò wò ó. "Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún un ibi tí ó ti jẹun kí eyín rẹ̀ tó hù."

Mo sọ fún un. Mo sọ ti ẹ̀kọ àti ti igi inú abọ́, mo sọ ti ọmọlańkẹ́ àti páálí mílíìkì tí ó fọ́ sójú títì, mo sì sọ pé alásè ni wọ́n sin sábẹ́ àga yẹn, tirẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, ti gbogbo ilé. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbé ṣọ́bìrì dúró, wọ́n ń gbọ́. Yínúsá yí padà sí wọn.

"Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀," ni ó wí fún wọn. "Ẹ fi bíríkì yí i ká."

"Kò tíì tó," ni Àlàájà wí. Ó di àga mú, ó dìde, ó sún un sẹ́yìn. "Kí i."

"Kí ni kí n sọ, Àlàájà?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. Yínúsá bọ́ bàtà rẹ̀, ó la sìmẹ́ńtì tútù kọjá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí ó wọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ó wí.

Ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì náà títí di òní. Àlàájà kò jẹ́ kí wọ́n dí i.